Santa Bárbara Kì í Ṣe Ìbòjú Ṣàngó

Ó ti sú mi. Níbikíbi tí Yorùbá bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì, ìbáà ṣe ní yunifásítì, ìbáà ṣe lórí rédíò, ìbáà ṣe nídìí ọpọ́n ayò, gbólóhùn kan náà ni wọ́n máa fi kádìí rẹ̀: àwọn baba wa gbọ́n ṣáṣá, wọ́n fi àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà ṣe ìbòjú. Lójú òyìnbó, Santa Bárbara ni wọ́n ń kí. Nínú ikùn wọn lọ́hùn-ún, Ṣàngó ni. Fadá rò pé Lásárù ni wọ́n kúnlẹ̀ fún, kò mọ̀ pé Ọbalúayé ni. Àwọn tó ń gbọ́ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó lè gbọ́n ju Yorùbá lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Kò yẹ kó parí síbẹ̀. Èmi ò gbà á gbọ́. Mo ní àwọn èèyàn wọ̀nyẹn mọ ẹni tí wọ́n ń kí nígbà tí wọ́n bá múra lọ síbi ọdún Santa Bárbara, Santa Bárbara náà ni wọ́n sì ń kí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn tó ń sọ ọ́ ro ẹjọ́ wọn, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ òfìfo. Lásìkò òwò ẹrú, ìjọ Àgùdà nìkan ni òfin Sípéènì àti ti Potogí fàyè gbà níbẹ̀. Wọ́n ń sàmì fún ẹrú láì bi í léèrè, wọ́n á sì gbé orúkọ tuntun kọ́ ọ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀ ní Kúbà lọ́dún 1886 àti ní Bràsíìlì lọ́dún 1888, ìyà àwọn olórìṣà ò tán. Ní Salvador, olú ìlú Bahia, ní àwọn ọdún 1920 sókè, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí wọ́n ń pè ní Pedrito ń ya wọ ilé òrìṣà káàkiri, ó ń kó ìlù, ó ń kó èèyàn. Títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà tó bá fẹ́ ṣọdún ní Bahia gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ní Rio de Janeiro, ohun òrìṣà tí ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn wà ní àhámọ́ wọn títí di ọdún 2020 kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ta ló máa gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ tí kò ní fi nǹkan pamọ́?

Wọ́n tún ní ẹlẹ́rìí tó wúwo. Lọ́dún 1983, nígbà tí àpérò àgbáyé kejì lórí àṣà òrìṣà wáyé ní Salvador, lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́ tó wáyé ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1981, Ìyá Stella ti Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá àtàwọn ìyálórìṣà ńlá mìíràn fọwọ́ sí ìwé kan tó ní kí wọ́n yọ ẹni mímọ́ kúrò nínú ọ̀ràn òrìṣà. Wọ́n ní Ọya, tí àwọn ará Bahia ń fi Santa Bárbara pè, kì í ṣe Santa Bárbara. Wọ́n ní ìgbà ẹrú ló fa ìdàpọ̀ náà, ìgbà ẹrú sì ti kọjá. Àwọn ìyálórìṣà tí gbogbo ayé ń júbà fún ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí aláròkọ kan lè fọwọ́ gbá dànù.

Mo gbà pé ìyà jẹ wọ́n. Mo gbà pé àwọn kan fi òkúta òrìṣà pamọ́ síbi tí ojú ò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi nǹkan pamọ́ sílé lè lọ sí Mísà kó sì fi tọkàntọkàn lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ wa ti fo ọ̀rọ̀ náà kọjá.

Ìbòjú, ó di dandan kó bo ojú ẹnì kan. Ojú ta ni wọ́n bò? Ní Havana, ìjọba Sípéènì fúnra rẹ̀ ló fàyè gba àwọn ẹrú àtàwọn tó ti gbòmìnira láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Cabildo ni wọ́n ń pè é. Lùkùmí, ìyẹn àwa Yorùbá, ní tiwọn. Kóńgò ní tiwọn. Arará ní tiwọn. Ẹgbẹ́ á yan ẹni mímọ́ tí yóò máa ṣọdún rẹ̀, á sì rán àsíá. Tó bá di ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ ọdún àwọn ọba tó wá kí Jésù, wọ́n á tú síta pẹ̀lú ìlù àti agọ̀, wọ́n á jó gba ìgboro kọjá lọ sí ààfin gómìnà, wọ́n á sì gbowó ọdún níbẹ̀. Lójú ọ̀sán gangan! Gómìnà mọ̀ pé ìlù Lùkùmí ni. Fadá mọ̀. Ọlọ́pàá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mọ̀. Ní Bahia ńkọ́? Ère Màríà tó wà lára ògiri ò dá Pedrito dúró lẹ́nu ọ̀nà rí. Bí ìbòjú bá wà tí gbogbo èèyàn ń rí ojú lábẹ́ rẹ̀ fún igba ọdún, tí ẹni tó dè é ò sì tú u, ó yẹ kí ẹni tó bá nírònú bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ohun mìíràn ni wọ́n dè.

Ẹ tún wo ẹni tí wọ́n yàn fún Ṣàngó ní Kúbà. Ọkùnrin pọ̀ nínú àwọn ẹni mímọ́, ọba wà níbẹ̀, jagunjagun wà níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fi Ṣàngó pamọ́, Ṣàngó onírùngbọ̀n, ọkọ Ọya, ṣé ọmọdébìnrin wúńdíá ni mo máa gbé síwájú rẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́ ìtàn. Ìtàn ìjọ sọ pé Dioscorus, baba Bárbara, ti ọmọ náà mọ́ inú ilé gogoro, pé nígbà tó gbọ́ pé ó ti gba Kírísítì gbọ́, ó fà á fún àwọn aláṣẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi idà gé e lórí. Lójú ẹsẹ̀, àrá sán pa bàbá náà. Àrá! Ère ọmọbìnrin náà wọ aṣọ pupa, ó gbé idà dání, ó dé adé. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó gbọ́ ìtàn bàbá tí àrá pa nítorí ìkà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá tún ṣàlàyé fún un? Ẹni tó kàn ń wá ibi sá pamọ́ sí kò ní ráyè gbọ́ ìtàn dé ìdí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìtàn náà wọ̀ lákínyẹmí ara ló máa rí ohun tí wọ́n rí.

Àwọn ará Bahia gbọ́ ìtàn kan náà, wọ́n sì dé ibòmíràn: Ọya ni wọ́n fi Bárbara pè, obìnrin sí obìnrin. Ṣàngó lọ bá Jerome, àgbàlagbà tí kìnnìún dùbúlẹ̀ sí lẹ́sẹ̀. Ògún nìkan ní ẹni mẹ́ta. Ní Havana, Peter ni, nítorí kọ́kọ́rọ́ irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Rio, George ni, ológun orí ẹṣin. Ní Bahia, Anthony ni, ó sì ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, nítorí fadá jẹ́jẹ́ tó gbé Jésù ọmọdé dání ni ère rẹ̀ máa ń jẹ́. Àwọn tó ń yà lẹ́nu ò mọ̀ pé ìjọba Potogí ti fi Anthony jẹ oyè nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Bahia, tó sì ń gba owó oṣù bí ológun. Àwọn èèyàn wa mọ̀, nítorí ojú wọn ni wọ́n ṣe ń ṣe ọdún rẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹni mímọ́ tó fẹ́ràn, ìdí tó sì fi fẹ́ràn rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ibi tí ìfẹ́ ìlú wà ni àwọn èèyàn wa gbé ìlù lọ.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìbòjú máa ń sọ pé dandan ni. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí dandan kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún 1969, Rome tún kàlẹ́ńdà ìjọ ṣe, ó sì yọ orúkọ Bárbara kúrò nínú ti gbogbogbòò, nítorí àwọn onímọ̀ ìjọ ò rí ẹ̀rí tó dúró sójú kan pé ó gbé ayé rí. Ìjọ fúnra rẹ̀ ló wá tú ìbòjú náà. Kò sí fadá kankan tó tún lè fi ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣé Salvador wá sinmi? Lọ́jọ́ yẹn, títí di òní, àdúgbò Pelourinho níbẹ̀ máa ń pupa fòò. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn á péjọ sí ilé ìjọ Rosário dos Pretos, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn kọ́, wọ́n á gbọ́ Mísà, wọ́n á gbé ère Bárbara jáde, wọ́n á gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn panápaná tí Bárbara jẹ́ aláàbò fún, wọ́n á sì se ilá tó kún fún epo àti edé fún ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Rome tún sún ọjọ́ ọdún Cosmas àti Damian, àwọn ìbejì oníṣègùn tí kì í gbowó, láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 26. Bahia ò gbọ́. Ọjọ́ 27 náà ni wọ́n ṣì ń pe ọmọ méje jókòó sílẹ̀ nídìí àwo ilá kan ṣoṣo. Kí ló máa mú ẹni tó ń fara pamọ́ máa bá Póòpù jiyàn lórí ọjọ́ ọdún?

Kúbà tiẹ̀ ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ti 1959, ìjọba ibẹ̀ kẹ̀yìn sí ẹ̀sìn. Lọ́dún 1969 wọ́n fagi lé ìsinmi Kérésì. Kò padà títí di 1997. Ẹni tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń fi iṣẹ́ àti ipò rẹ̀ wewu. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, bí ẹni mímọ́ bá jẹ́ ìbòjú, ìbòjú ọ̀hún ti di ẹrù òfin. Òmùgọ̀ ló máa dè é. Síbẹ̀, ní òru ọjọ́ 16 mọ́ ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, àwọn èèyàn ò yéé lọ sí El Rincón, lẹ́yìn ìlú Havana, níbi tí ilé ìjọ San Lázaro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn adẹ́tẹ̀. Wọ́n ń wọ aṣọ àpò. Àwọn kan ń fi orúnkún rìn. Àwọn kan ń fi àyà wọ́, wọ́n so òkúta mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń fà á tẹ̀lé ara wọn lórí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, nítorí pé Lásárù gba ọmọ wọn lọ́wọ́ ikú wọ́n sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ta ni wọ́n ń tàn jẹ lórí ọ̀dà yẹn? Ṣé ìjọba tí kò gba Ọlọ́run gbọ́? Ṣé fadá? Fadá gan-an ò fara mọ́ Lásárù tí wọ́n ń wá, nítorí Lásárù méjì ló wà. Ti ìjọ ni ọ̀rẹ́ Jésù tó jíǹde, tí ìtàn sọ pé ó di bíṣọ́ọ̀bù. Tiwọn ni alágbe inú òwe Jésù, tí egbò bo ara rẹ̀, tí ajá ń lá a, tó fi igi tilẹ̀ rìn. Ọjọ́ pẹ́ tí ìjọ ti ń gbé bíṣọ́ọ̀bù sí iwájú wọn, alágbe ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì dé El Rincón ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1998, ó bá wọn níbẹ̀ ni, òun kọ́ ló kó wọn wá. Àwa tó mọ Ọbalúayé mọ ìdí tí alágbe elégbò fi wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Kí ó wọ ni lọ́kàn nítorí Ọbalúayé, ṣé ìyẹn ni kí ó má wọ ni lọ́kàn?

Ìwé 1983 ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn apẹja Salvador ti ṣe ìyẹn tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ni wọ́n ń gbé ẹrù òdòdó, lọ́fínńdà àti jíǹgí lọ fún Yemọja lójú òkun ní Rio Vermelho. Kò sí ẹni mímọ́ kankan nínú ọdún náà. Yemọja ni wọ́n ń pè é, níwájú ìjọba, níwájú arìnrìn-àjò, níwájú fadá. Ìlú kan náà, èèyàn kan náà. Nítorí náà wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣọdún òrìṣà láì fi orúkọ ẹlòmíràn bò ó. Nígbà tí wọ́n wá ń lọ sí Mísà Bárbara ní oṣù Kejìlá, kí ló ń lé wọn lọ?

Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá Stella. Ẹ̀tọ́ ìyálórìṣà ni láti pààlà sí ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà tí ọmọ pa ò lè sọ ohun tí ìyá ṣe di èyí tí kò ṣe. Eugênia Anna dos Santos, Ìyá Aninha, tó dá Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ lọ́dún 1910, ọmọ ẹgbẹ́ ìjọ Àgùdà ni títí tó fi kú lọ́dún 1938. Menininha, ìyálórìṣà ilé Gantois, fọwọ́ sí ìwé 1983, bẹ́ẹ̀ kò yéé lọ sí Mísà. Ṣé ojú ta ni ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ ń bò, nígbà tí gómìnà àti olórin gbogbo ti ń wá dọ̀bálẹ̀ fún un? Ẹ tún dé Cachoeira ní Bahia. Ẹgbẹ́ Boa Morte wà níbẹ̀, àwọn obìnrin dúdú, ọmọ ẹrú, tí àwọn ìyá wọn dáwó láti ra àwọn ẹlòmíràn padà kúrò lóko ẹrú. Olórìṣà ni wọ́n, gbogbo ìlú mọ̀. Láti ọjọ́ 13 dé ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ikú Màríà, wọ́n sì ń yọ̀ fún ìgòkè rẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún ogún, fadá àgbègbè náà bá wọn jà, ó kó ère àti ohun ọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ lọ. Àwọn ìyá arúgbó yìí lọ gba agbẹjọ́rò, wọ́n pe ìjọ lẹ́jọ́, wọ́n sì gba ère Màríà wọn padà. Ta ló ń pẹjọ́ nítorí ìbòjú? Ẹni tí wọ́n gba ìbòjú lójú rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, á lọ sílé lọ simi.

Ẹ̀rí tó pa ọ̀rọ̀ yìí pátápátá ò sì jìnnà sí wa. Èkó ló wà.

Láti bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn tó ra ara wọn padà ní Bahia àti Havana ti ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀ wálé, sí Èkó, sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, sí Wìdà. Wọ́n dé ilẹ̀ tí Ṣàngó kò ní ẹni tó ń sá fún. Kò sí ọ̀gá, kò sí pàṣán, kò sí fadá pàápàá. Bí àwọn èèyàn yìí bá ti fi ogún, ọgbọ̀n ọdún ṣe bojúbojú lókè òkun, ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ sómi ni èbúté. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́ àdúgbò sí Pópó Àgùdà, wọ́n sì ń péjọ gbàdúrà lábẹ́ ọkùnrin kan tí òun náà ti ṣẹrú rí, Pa Antonio, tó bá ọ̀nà São Tomé wá. Fadá Borghero kò tíì dé Èkó títí di ọdún 1863, ìjọ ti wà nílẹ̀ ń dúró dè é. Àwọn òyìnbó tó gba Èkó lọ́dún 1861, ìjọ Àǹgílíkà ni tiwọn. Ọ̀dọ̀ Àǹgílíkà ni ilé ìwé àti ojú rere wà. Àwọn Àgùdà ò lọ. Wọ́n fi owó ara wọn àti ọwọ́ àwọn kọ́lékọ́lé tó kọ́ṣẹ́ ní Bahia kọ́ ilé ìjọ Holy Cross. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ wọn ṣì ń ṣọdún Senhor do Bonfim ní oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n ń gbọ́ Mísà, wọ́n ń gbé eré Burrinha jáde. Kírísítì ni Bonfim, mo mọ̀, òun kì í ṣe ẹni mímọ́ kan. Ṣùgbọ́n Bahia ni wọ́n ti gbé ọdún náà wálé, ẹnikẹ́ni ò sì rán wọn.

Ẹ má sì sọ pé bóyá wọn ò mọ bí a ṣe ń bọ́ ìbòjú ni. Àwọn kan mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀ kan náà ni àwọn Mùsùlùmí wà, àwọn tí wọ́n sàmì fún tipátipá ní Bahia, tí ìyà jẹ gidi lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì níbẹ̀ lọ́dún 1835. Ní tiwọn, ìsàmì yẹn jẹ́ ìbòjú lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n kọjú sí Kìbílà. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ sí Àjàṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí ilé ìjọ Salvador ni wọ́n ṣe é lójú, nítorí ilé tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n kọ́ nìyẹn. Inú rẹ̀, kò sí Bárbara, kò sí Anthony, kò sí Cosmas. Ẹni tó gbé ìbòjú dání wálé sọ ọ́ nù. Ẹni tó gbé ẹni mímọ́ dání wálé kọ́ ilé fún un. Kí la tún ń wá?

Ìdí tí a fi fẹ́ràn ìtàn ìbòjú ò ṣòro láti mọ̀. Ó ń pọ́n wa lé. Ó tún ń tẹ́ pásítọ̀ àti onífá òde òní lọ́rùn bákan náà, nítorí àwọn méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkàn èèyàn ní. Àwọn obìnrin Bahia ò gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ìyá wọn ní Ọ̀yọ́ àti Kétu ò sì fi kọ́ wọn. Ìyàwó tó wá láti ilé Ṣàngó wọ ilé Ọ̀ṣun máa ń gbé Ṣàngó rẹ̀ dání, á sì tún bọ Ọ̀ṣun ọkọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé èwo ló ń fi bo èwo.

Nítorí náà, obìnrin tó wọ pupa lọ́jọ́ 4 oṣù Kejìlá ní Pelourinho, tó gbọ́ Mísà dópin, tó fọwọ́ kan aṣọ Bárbara tó sì fi nu ojú ọmọ rẹ̀, Bárbara ló ń kí. Ọya náà ló ń kí. Ó mọ àwọn méjèèjì lórúkọ, ó mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ, ó mọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpè òun. Kò tan fadá, kò tan òrìṣà, kò tan ara rẹ̀. Àwa tó jókòó sí Ìbàdàn àti Èkó, tí a ń sọ fún un pé ohun tó fi orúnkún àti omijé ṣe jẹ́ ọgbọ́n àrékérekè, àwa la ń pè é ní onírọ́, a sì ń pe ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ mọ́ ọn.